Ìfiwéra Èdè Yorùbá àti Èdè Fúlàní: Ohun tí Olùkọ́ Èdè ní Ilẹ̀ Ìbàràpá Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àfiwé èdè Yorùbá àti èdè Fúlàní tí a ń gbọ́ ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A yẹ ìró, ohùn, ìhun ọ̀rọ̀, ìlò arọ́pò-orúkọ àti òǹkà èdè méjèèjì wò, láti fi ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ hàn. A fi èdè Láò àti èdè Czech, tí wọ́n jìnnà réré sí wa, ṣe òpó méjì tí a ó fi mọ ibi tí èdè tiwa dúró sí. Èrò wa ni pé púpọ̀ nínú àṣìṣe tí ọmọ Fúlàní lè ṣe nínú kíláàsì Yorùbá kì í ṣe ti àìlóye tàbí ti àrífín. Ìlànà èdè abínibí rẹ̀ ni ó ń gbé wọ inú Yorùbá, olùkọ́ tí ó bá sì mọ ìlànà náà ni yóò mọ ibi tí yóò ti tún un ṣe.

1. Ìfáàrà

Ìlú méje ni a máa ń kà bí a bá ń dárúkọ Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgangan. Àgbẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, ilẹ̀ náà sì jẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn tí koríko rẹ̀ dára fún ẹran. Ìdí nìyí tí àwọn Fúlàní fi ti ń da màlúù gba ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀dó sí gáà lẹ́yìn ìlú. Ọjà ni Yorùbá àti Fúlàní ti kọ́kọ́ ń pàdé: obìnrin Fúlàní gbé wàrà rù wá, ó sì gbé ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo padà lọ. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àjọgbé yìí kò fìgbà gbogbo tùbà-tùṣẹ. Ẹran ń jẹ oko, ìjà ń ṣẹlẹ̀, ọdún 2021 sì burú jù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni rògbòdìyàn lílé àwọn Fúlàní kan kúrò ní Ìgangan wáyé. Ní oṣù kẹfà, àwọn agbébọn ya wọ ìlú náà lóru, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé. Iṣẹ́ yìí kò wá láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tí ó kan àwa olùkọ́ ni pé, lẹ́yìn irú ọdún bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Fúlàní ṣì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí olùkọ́ sì pe ọ̀kan nínú wọn dìde láti ka ìwé Yorùbá. Bí ọmọ náà bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ohun tí olùkọ́ bá sọ ní ìṣẹ́jú náà lè di ohun tí gbogbo kíláàsì yóò máa rò nípa ọmọ náà àti nípa àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìjọba pàápàá ti ń yí ìlànà rẹ̀ lórí èdè padà. Ìlànà Orílẹ̀-Èdè lórí Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1977 fi ààyè gba èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Òfin kọkànlélógójì ti ọdún 1989 dá Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń mójú tó Ẹ̀kọ́ Àwọn Darandaran sílẹ̀. Ní 2022, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e. Ìlànà yòówù kí ó wà lóde, olùkọ́ Yorùbá ní Ìbàràpá kò lè ṣàìbá ọmọ tí Yorùbá kì í ṣe èdè àkọ́kọ́ rẹ̀ pàdé.

2. Ọgbọ́n tí a fi ṣe àfiwé

Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1957, Robert Lado ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè kejì a máa gbé ìlànà èdè rẹ̀ wọ inú èdè tuntun náà. Ibi tí èdè méjèèjì bá ti jọra yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ yóò le. Ní 1967, Pit Corder fi kún un pé kí a má ṣe wo àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ bí ìdọ̀tí tí a ó kàn gbá dànù. Àṣìṣe ni ó ń fi han olùkọ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ dé àti òfin tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Èrò méjèèjì yìí ni a ó tẹ̀ lé. A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni ó ti inú èdè abínibí wá, nítorí ọmọ Yorùbá náà ń ṣi Yorùbá kọ. Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, èyí sì jẹ́ ọ̀nà kan tí ó ṣe é tọ̀.

Àwọn àpẹẹrẹ Fúlàní tí a lò jẹ́ èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú èdè náà ní Nàìjíríà. Ẹ̀ka-èdè lè mú ìyàtọ̀ díẹ̀ wá láti gáà kan sí òmíràn.

3. Òpó méjì: èdè Láò àti èdè Czech

Kí a tó wo ilé, ẹ jẹ́ kí a yọjú sóde. Èdè Láò ni èdè ìjọba orílẹ̀-èdè Láò ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, a sì ń sọ ọ́ ní apá àríwá ìlà-oòrùn Thailand pẹ̀lú. Èdè Czech jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí èdè Slavic ní Yúróòpù. Méjèèjì dúró ní ìkángun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Láò jẹ́ èdè olóhùn bíi Yorùbá. Márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ohùn rẹ̀, ẹ̀ka-èdè ni ó ń pinnu iye. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí ìrísí padà nítorí ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kì í yí padà nítorí olùwà. Ó tún ń to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀lé ara wọn bí a ti ń ṣe: bí Yorùbá ti ń sọ pé ‘mú ìwé wá’, ‘mú’ àti ‘wá’ náà ni ẹni tí ń sọ Láò yóò lò.

Czech kò ní ohùn rárá. Ìtẹnumọ́ rẹ̀ ń wà lórí sílébù àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀, gígùn fáwẹ̀lì sì ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Àmì tí àwa ń fi hàn pé ohùn lọ sókè ni wọ́n fi ń hàn pé fáwẹ̀lì gùn. Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ pín sí ako, abo àti èyí tí kì í ṣe ako tàbí abo, ó sì ń yí ìparí padà ní ọ̀nà méje gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú gbólóhùn. Obìnrin ni žena. Bí ó bá jẹ́ àbọ̀, ó di ženu. Nítorí náà, Pes vidí kočku àti Kočku vidí pes túmọ̀ sí ohun kan náà: ajá rí ológbò. Ní Yorùbá, bí a bá pààrọ̀ ipò ajá àti ológbò, ẹni tí ń wo ẹnìkejì ti yí padà nìyẹn.

Bí a bá gbé Yorùbá sí àárín àwọn méjèèjì yìí, ẹ̀gbẹ́ Láò ni yóò fì sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá a tan. Èdè Fúlàní, tí màlúù rẹ̀ ń jẹ̀ lẹ́yìn odi Tápà àti Ayétẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Czech ni ó fì sí, òun náà kò sì bá a tan. Ọmọ Fúlàní tí ó ń kọ́ Yorùbá ń rin ìrìn-àjò tí ó jọ ti ọmọ Czech tí ó ń kọ́ Láò.

4. Ìbátan tí ó fara sin

Ohun ìyanu kan wà níbẹ̀. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Carl Meinhof, ti fi èdè Fúlàní sí ẹbí èdè tí ó pè ní ti ọmọ Hámù, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé àjèjì ni láàárín àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Joseph Greenberg tako èyí. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1963, ó fi Fúlàní àti Yorùbá sínú ẹbí ńlá kan náà tí a ń pè ní Niger-Congo. Ẹ̀ka Atlantic ni ti Fúlàní. Ẹ̀ka tí Yorùbá wà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Benue-Congo lónìí. Ìbátan náà jìnnà, ṣùgbọ́n a ṣì lè rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Yorùbá ń ka ẹ̀ta, Ìgbò ń ka àtọ́, Swahili ń ka tatu, Fúlàní ń ka tati. Ẹni tí a rò pé ó ti ibi jíjìn wá di ìbátan láti ìdílé baba ńlá.

5. Ìró àti ohùn

Gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ Yorùbá, kọ́ńsónáǹtì méjìdínlógún, fáwẹ̀lì àìránmúpè méje àti fáwẹ̀lì aránmúpè márùn-ún ni ó ní. Fúlàní ní fáwẹ̀lì márùn-ún, i, e, a, o, u, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kúrú tàbí kí ó gùn. Kò ní ohùn tí ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, kò sì ní fáwẹ̀lì aránmúpè. Ó ní àwọn ìró tí Yorùbá kò ní, bíi ɓ, ɗ àti ƴ, tí a ń fa afẹ́fẹ́ sínú pè. Sílébù rẹ̀ lè parí pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì: kosam ni wàrà tí a ń mu, leggal ni igi. Sílébù Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyí tí Abubakar fi di Àbúbákà lẹ́nu wa.

Láti inú èyí, olùkọ́ lè mọ ibi tí wàhálà yóò ti dìde:

(i) Ohùn. Ọmọ tí a kò fi ohùn tọ́ etí rẹ̀ yóò gbọ́ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó sì lè fa fáwẹ̀lì gùn níbi tí ó yẹ kí ó gbé ohùn sókè, nítorí gígùn ni èdè tirẹ̀ ń lò.

(ii) ẹ àti e, ọ àti o. Fúlàní kò fi ìyàtọ̀ yìí ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Nítorí náà, rò lè di rọ̀, ẹ̀gbẹ́ lè di ègbé. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí kò ṣeé fi ṣeré. Bí ọmọ kan bá fẹ́ sọ pé ‘Bàbá mi kọ́lé’, tí ó wá sọ pé ‘Bàbá mi kólé’, gbogbo kíláàsì yóò bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó kọ́ ilé ti di ẹni tí ó kó ilé onílé. Láàárín àwọn tí ara wọn ti ń fu sí ara wọn tẹ́lẹ̀, irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó fà á, ohùn méjèèjì kò tilẹ̀ yàtọ̀.

(iii) Fáwẹ̀lì aránmúpè. ‘Ó ń rìn’ lè di ‘ó ń rì’. ‘Ó kún’ lè di ‘ó kú’.

(iv) gb àti p. Ìró àfàfàsé-àfètèpè kò wọ́pọ̀ nínú Fúlàní. ‘Gbogbo’ lè di ‘bobo’, p Yorùbá sì lè di p tí a fi ètè nìkan pè.

6. Ìsọ̀rí ọ̀rọ̀-orúkọ àti ìbámu

Ibí ni èdè méjèèjì ti yàtọ̀ jù. Ọ̀rọ̀-orúkọ Fúlàní pín sí ìsọ̀rí tí ó lé ní ogún. Àfòmọ́ ìparí ni ó ń fi ìsọ̀rí hàn: ènìyàn kan ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní tirẹ̀, màlúù ní tirẹ̀, ohun olómi ní tirẹ̀, bíi kosam àti ndiyam, èyí tí í ṣe omi. Bí ẹyọ bá di ọ̀pọ̀, kì í ṣe ìparí nìkan ni ó ń yí padà, kọ́ńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá lè yí padà:

pullo (Fúlàní kan), fulɓe (àwọn Fúlàní)
gorko (ọkùnrin), worɓe (àwọn ọkùnrin)
debbo (obìnrin), rewɓe (àwọn obìnrin)
suudu (ilé), cuuɗi (àwọn ilé)
rawaandu (ajá), dawaaɗi (àwọn ajá)

Ọ̀rọ̀-àpèjúwe náà gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀-orúkọ mu. Yorùbá yóò sọ pé ọkùnrin ńlá, màlúù ńlá, ilé ńlá; ‘ńlá’ kò mira. Fúlàní yóò sọ pé gorko mawɗo, nagge mawnge, suudu mawndu. Bí wọ́n bá pọ̀, wọ́n di worɓe mawɓe, na'i mawɗi, cuuɗi mawɗi. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò gbẹ́yìn: o yahi ni ‘ó lọ’, ɓe njahi ni ‘wọ́n lọ’. Ní Yorùbá, ‘lọ’ kan náà ni.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa rò pé èdè tí kò ní ìwé púpọ̀ lọ́wọ́ wa kò ní gírámà púpọ̀. Ẹ̀rí nìyí pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ti gáà wá ti ní ètò tí ó díjú gan-an lórí kí ó tó mọ ‘a, b, d’. Ohun tí yóò ṣòro fún un ní Yorùbá ni pé kò sí ohun tí yóò dì mú: yóò máa wá àmì ọ̀pọ̀ lára ọ̀rọ̀, kò sì ní rí i. Ó yẹ kí olùkọ́ fi ‘àwọn’, àpètúnpè bíi ‘ńlá ńlá’, àti òǹkà hàn án kedere.

Ètò gbólóhùn kò ní fún un ní wàhálà púpọ̀. Méjèèjì ń fi olùwà ṣíwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e, àbọ̀ gbẹ́yìn: Mi yi'i nagge, mo rí màlúù. Méjèèjì ń fi oníǹkan sẹ́yìn ohun tí ó ní: nagge am, màlúù mi; suudu laamiiɗo, ilé ọba.

7. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀

Yorùbá ń fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, Fúlàní ń fi àfòmọ́ ìparí ṣe é. Láti ara kọ́, a rí ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Láti ara janng-, Fúlàní rí janngude (láti kàwé), janngoowo (ẹni tí ń kàwé), jannginoowo (ẹni tí ń mú ni kàwé, olùkọ́) àti janngirde (ibi ìkàwé, ilé-ẹ̀kọ́). Bákan náà, àfòmọ́ ìparí ni ó ń sọ ẹni tí ìṣe kàn: lootude ni kí a fọ nǹkan, lootaade ni kí ènìyàn wẹ ara rẹ̀, looteede ni kí a wẹ ẹni tàbí kí a fọ nǹkan láìdárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Yorùbá ń lo ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fọ̀ àti wẹ̀, ó sì ń fi ‘a’ tàbí ‘wọ́n’ ṣe èyí tí ó kẹ́yìn: ‘Wọ́n fọ aṣọ náà’.

8. Arọ́pò-orúkọ àti ọ̀wọ̀

Yorùbá ní ‘a’ kan. Fúlàní ní méjì: en ni ‘èmi àti ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀’, min ni ‘àwa, láìka ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ wa’. Bí olùkọ́ bá sọ fún ọmọ náà pé ‘A ó ṣe àṣeyẹ lọ́la’, ó lè máa ronú bóyá òun wà nínú ‘a’ náà. Ìbéèrè yìí kọjá gírámà ní àkókò tiwa.

Ti ọ̀wọ̀ ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Yorùbá ń lo ‘ẹ’ àti ‘wọ́n’ fún àgbà kan ṣoṣo. Ní Czech, vy ni a ń pe àgbà, ty ni a ń pe ojúgbà. Láò ń fi ọ̀rọ̀ ẹbí pe ènìyàn bí àwa ti ń ṣe: ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni ai, àbúrò ni nong, wọn ì báà má bá ara wọn tan. Ìlànà ‘ẹ’ fún ẹnì kan kò fìdí múlẹ̀ nínú Fúlàní bí ó ti fìdí múlẹ̀ ní Yorùbá; a lè pe ẹnì kan ṣoṣo ní a, kí ó má sì jẹ́ ìwọ̀sí. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá bi olùkọ́ pé ‘Ṣé o ti dé?’, kí olùkọ́ má tètè fa pàṣán yọ. Àwọn Fúlàní ní ìlànà ìwà tí wọ́n ń pè ní pulaaku, tí ìtìjú tí wọ́n ń pè ní semteende àti sùúrù tí wọ́n ń pè ní munyal jẹ́ òpó rẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ọmọlúàbí kò jìnnà sí i. Ọmọ náà lè máa bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ nípa títẹ ojú mọ́lẹ̀ àti dídákẹ́, kí olùkọ́ sì máa retí ‘ẹ’. Àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

9. Òǹkà

Fúlàní ń ka ẹyọ kan sí márùn-ún, ó sì ń fi márùn-ún ṣe ìpìlẹ̀: jowi ni márùn-ún, jeetati ni mẹ́jọ, ìyẹn márùn-ún àti mẹ́ta. Àròpọ̀ ni ọ̀nà rẹ̀. Yorùbá ń ro pọ̀ títí dé ẹrìnlá, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò: ẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ogún dín márùn-ún, márùndínláàádọ́ta sì jẹ́ àádọ́ta dín márùn-ún. Ọmọ tí ó lè ka màlúù bàbá rẹ̀ láìṣì kà, tí ó wá ń kọsẹ̀ ní ẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mọ ìṣirò. Ọ̀nà ìyọkúrò ni ó ṣàjèjì sí i. Èso ẹ̀wà ogún tí a tò sílẹ̀, tí a sì mú márùn-ún kúrò níbẹ̀ lójú rẹ̀, yóò ṣe é láǹfààní ju kíkọ́ sórí lọ.

10. Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Kì í ṣe dandan kí olùkọ́ gbọ́ Fúlàní kí ó tó ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Èkíní, kí ó tọ́ etí ṣáájú kíkọ àmì. Gángan wà nílẹ̀; kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn lára ìlù, kí ó fi ọwọ́ júwe rẹ̀, kí ó tó fi àmì sí i. Èkejì, kí ó ya oríṣi àṣìṣe sọ́tọ̀ nígbà tí ó bá ń máàkì: ti ohùn lọ́tọ̀, ti fáwẹ̀lì lọ́tọ̀, ti ọ̀wọ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ tí ó gba òdo nítorí ẹ àti ọ nìkan kò yẹ kí a kà mọ́ ẹni tí kò lóye ìwé. Ẹ̀kẹta, kí ó kọ́ ọmọ ní ‘ẹ’ àti ‘wọ́n’ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́, kí ó má kàn fi jẹ ẹ́ níyà. Ẹ̀kẹrin, kí ó jẹ́ kí ọmọ náà ṣe olùkọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí kíláàsì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pe màlúù, wàrà àti ilé. Àwọn ọmọ Yorùbá yóò rí i bí ɓ àti ɗ ti ń yọ́ bọ́ lẹ́nu àwọn náà, ẹ̀rín tí wọ́n sì fi ń rín ẹlòmíràn yóò dínkù. Ìkíni nìkan tó láti bẹ̀rẹ̀: Jam na? ni ‘Ṣé àlàáfíà ni?’, Jam sì ni ìdáhùn.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní àyíká Èrúwà, Lánlátẹ̀ tàbí Igbó-Ọrà, ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Ẹ máa kọ àṣìṣe tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu ọmọ, láìkọ orúkọ ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ ohun tí a sọ níhìn-ín jẹ́ ohun tí ìlànà èdè méjèèjì mú wa retí; ìwé kékeré yín ni yóò fi hàn èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ jù àti èyí tí kì í ṣẹlẹ̀.

11. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Yorùbá ń fi ohùn ṣe iṣẹ́ tí Fúlàní ń fi gígùn fáwẹ̀lì àti àfòmọ́ ṣe, pé ọ̀kan ń fi orí ọ̀rọ̀ kún un tí èkejì ń fi ìdí rẹ̀ kún un, pé ọ̀kan ń yọ kúrò níbi tí èkejì ti ń ro pọ̀. A sì rí i pé ètò gbólóhùn wọn súnmọ́ra, pé ẹ̀ta àti tati ti orísun kan wá. Kò sí èyí tí ó sàn ju èkejì lọ nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí Láò kò ti sàn ju Czech lọ.

Olùkọ́ èdè kò lè parí ìjà oko àti màlúù. Agbára rẹ̀ kò ju kíláàsì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì náà, ó lè pinnu pé ọmọ tí ó pe kọ́lé ní kólé kò ní di ẹni ẹ̀sín. Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà kò yọ ọmọ gáà sílẹ̀.